Mọ́tò Ọ̀kẹ́ Méjìlá

Mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí tí Ràzíátù ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Asafo ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má wulẹ̀ wọlé, kó kọrí sílé. Ọdún 1991 ni, ọdún mọ́kànlá sì ni Ràzíátù ti fi gbẹ̀bí níbẹ̀. Kò ní jẹ́ kí trótró gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ òun. Bọ́ọ̀sì játijàti tó ń ná Moshie Zongo sí Asafo yìí, kì í gbéra àfi tó bá kún, tó bá sì kún tán, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun.

“Mo fẹ́ ra mọ́tò,” ló sọ fún Sànúsí ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè.

Sànúsí rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Ìyá Kùdírátù, ta ni yóò wà á?”

“Èmi ni.”

“Aúsùbiláì! Obìnrin kankan ò ní wa mọ́tò nínú ilé tèmi. Ṣé kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́sálásí ni?”

“Ẹ máa gbé mi lọ nígbà náà.”

“Ṣebí o mọ̀ pé mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ fítà tó ń tún un ṣe. Ìgbà tó tiẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀nà ọjà lèmi ń gbà. Máa tètè jí.”

“Aago mẹ́rin ni mo ń jí. Mo máa rà á, mo sì máa wà á. Ẹ ti gbọ́ o.”

Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ti wà nísàlẹ̀ àpótí Ràzíátù láti oṣù mẹ́ta. Efua, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló fi mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ lórí pápá ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí, tó ń pariwo “Bɔkɔɔ, sister, bɔkɔɔ!” kó lè rọra.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó gba iwájú àgbàlá tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù nítòsí ibùdókọ̀. Mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Ràzíátù dúró. Ó wò ó títí tí obìnrin tó ń din àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fi bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun yá dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fa ìborùn bo iwájú orí, ó padà wá.

Bákàrè, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tàmálè dé, ni dílálì tó wà nídìí mọ́tò náà. Dílálì ni alárinà. Ẹni tó ń tà kì í rí ẹni tó ń rà, ẹni tó ń rà kì í bèèrè ẹni tó ń tà. Dílálì ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ilé òun gbọ́ ohun tí òun ń tà, ọ̀dọ̀ dílálì ló ń lọ.

“Ọ̀kẹ́ ogún sídì, Hàjíà,” ni Bákàrè wí. “Wàláhì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà bíi tuntun.”

“Jíà kejì rẹ̀ ń fò,” ni Ràzíátù dá a lóhùn. Kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. “Rédíétọ̀ rẹ̀ ń mumi. Bí òjò bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn á rin.”

“Há à! Ṣé fítà ni yín ni?”

“Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún.”

Bákàrè kó sínú mọ́tò, ó wà á yí àgbàlá ká. Jíà kejì fò.

“Ẹ ṣàánú, Hàjíà, ẹ fi nǹkan lé e,” ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. “Ẹni tó ni ín ń kánjú. Ó fẹ́ gbé ìyàwó tuntun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn àna rẹ̀ sì ti ń retí owó.”

Inú bí Ràzíátù gidigidi. Ó fún ìborùn rẹ̀ mọ́ ọrùn.

“Ọ̀kẹ́ méjìlá.”

“Hábà! Ẹ ti pe mẹ́rìndínlógún tẹ́lẹ̀!”

“Kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó nìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú á gbà á. Lọ sọ fún un.”

Bákàrè lọ. Ní ọ̀sán Àlàmísì, ó ní ọkùnrin náà bú òun, ó bú ẹni tó fẹ́ rà á, ó sì gbà. Ràzíátù ka owó èsúsú ọdún mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Nígbà tí dílálì na ìwé mọ́tò sí i pé kó kà á wò, ó ní kó ṣáà fi í sínú báàgì.

“Ẹ ò kà á?”

“Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?”

Ó gbé mọ́tò náà pamọ́ sí àgbàlá ilé Efua.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Sànúsí fajú ro wọlé. “Àwọn ará ìlú yìí! Olè ni gbogbo wọn!”

“Kí ló dé, Bàbá Kùdírátù?”

“Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Kò kàn ọ́.”

Ràzíátù bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀. Sànúsí jẹun tán, ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó wá ohun tí yóò fi ṣẹ̀fẹ̀. “Mọ́tò tí o ní o fẹ́ rà ńkọ́, ìyá awakọ̀?”

“Mo ti rà á.”

Sànúsí kò tíì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí Sànúsí ti dúró láàárín àwọn tó ń retí trótró ní Moshie Zongo, mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé kan dúró níwájú rẹ̀, Ràzíátù sì yọ orí lójú fèrèsé pé, “Bàbá Kùdírátù, ẹ wọlé kí n gbé yín dé ọjà, ṣebí ẹ mọ mọ́tò yín, bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn àna yín tuntun, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀kẹ́ méjìlá ni mo lè dá sí ìyàwó náà.”