Ìkookò, Ẹnu Àwọn Tí Ogun Lé

Àlọ́ mi já lu Ìkookò, tó fi ara rẹ̀ ṣe agbẹnusọ fún àwọn ẹranko tí ogun lé kúrò nílé.

Lọ́rọọrún ni Erin ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn láti òdìkejì odò. Ìkookò ló ń gbà á, òun náà ló ń jẹ ẹ́.

Ehoro wá bá a. "Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Ebi ti fẹ́ pa á."

"Ẹ ní sùúrù, ìyá. À ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ yín."

Nígbà tó yá, Erin gbé ẹrù oúnjẹ wá fúnra rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ń dé ọwọ́ wọn. "Ìkookò, ẹni tó ní èèyàn lẹ́yìn ni orin rẹ̀ ń ní ègbè. Dárin, kí wọ́n gbè é."

Ìkookò rẹ́rìn-ín, ó dárin: "Ta ló ń bọ́ yín o?"

Ebi ti gba ohùn lọ́fun àwọn tó wà láàyè. Ilẹ̀ tí wọ́n sin àwọn ọmọ sí ló gbè é, pẹ̀lú ohùn wẹ́wẹ́: "Ebi ló pa wá o, ebi."

Erin gbé ẹrù kọjá lára Ìkookò, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Ehoro àti ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí Ìkookò bá ké lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ilẹ̀ lè tún gbè é.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbẹnu sọ fún yín dárin, kí ẹ gbọ́ ẹni tó máa gbè é.