Ẹni Tó Ni Mọ́tò Náà Tẹ́lẹ̀

Ẹ̀rù ń ba Àǹtí Télọ̀, kò sì lè fi bò. Láti ìgbà tó ti jí ni tíì tó pò ti wà níwájú rẹ̀, ó sì ti tutù. Ó fẹ́ lọ wo mọ́tò àlòkù kan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Orí fóònù ló ti rí àwòrán rẹ̀, ayé sì kún fún gbájú-ẹ̀ tó ń fi mọ́tò olówó pọ́ọ́kú dẹ èèyàn bí ẹni dẹ eku.

Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí géètì. Bí mọ́tò bá ti dún lójú títì, màmá á gbé orí sókè, á tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ká ní àbúrò rẹ wà nílé ni," màmá wí, "òun ni ì bá bá ọ lọ. Òun ló mọ mọ́tò."

Àǹtí Télọ̀ ní kí màmá fọkàn balẹ̀, òun ti rí mẹkáníìkì tó máa bá òun lọ. Ó wá ń ka gbogbo rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó há ẹ̀kọ́ sórí: ojúmọmọ ni òun máa lọ, ibi tí èrò wà ni àwọn máa pàdé, òun ò ní mú owó dání, òun ò sì ní dá wọ mọ́tò pẹ̀lú àjèjì. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀ ẹ́ fún, ó ní: kó ṣáà wádìí ẹni tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ dáadáa, kó sì padà wálé láyọ̀.

Ó kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àǹtí Télọ̀ kì í jẹ́ kí òwú ṣòfò. Bó bá rán nǹkan tán, ibi tí ojú ò tó nísàlẹ̀, òwú tó bá ṣẹ́kù ló fi ń pa á dé, àwọ̀ yòówù kó jẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a ní ahun ni ọ̀gá àwọn, òun náà a ní ahun tó mọṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀hún, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Abẹ́rẹ́ ti gún un lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dìde.

Ilé epo ni mẹkáníìkì ti ń dúró dè é. Epo dúdú kún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Olómọ́tò ti dé ṣáájú wọn, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó kí i. Ọ̀dà pupa tuntun ń dán lára mọ́tò náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

"Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Àǹtí Télọ̀ béèrè.

"Ó ti rìnrìn àjò, Àǹtí mi. Kò nílò rẹ̀ mọ́."

Olómọ́tò ṣí ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa aṣọ dúdú tí wọ́n fi bo àga. Ó ní aṣọ yìí nìkan tó owó, òkè òkun ni wọ́n ti rán an mọ́ mọ́tò, ìdí nìyẹn tí òun ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ó wo ìwé mọ́tò, ó ní wọ́n bára mu. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn kó tó dé e padà. Olómọ́tò ṣẹ́jú sí i, òun náà sì rẹ́rìn-ín padà.

Olómọ́tò ní kí òun àti Àǹtí nìkan lọ wà á wò, kí mẹkáníìkì sinmi.

"Bí kò bá bá wa lọ, èmi náà ò lọ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà díẹ̀, ó sì tún padà. Mẹkáníìkì wọlé sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀kùn tì, ó dún gbà. Wọ́n fi ojú títì sílẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé, níbi tí kò sí ẹ̀dá kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó yà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí olómọ́tò dúró, òun náà dúró.

"Ṣé owó wà lára yín?" Olómọ́tò ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àǹtí Télọ̀ ní báńkì lowó wà. Ó ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ àga, bóyá omi ti bo mọ́tò náà rí, nítorí ẹrẹ̀ kì í tán níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí etí aṣọ àga náà sókè. Kò sí ẹrẹ̀. Òwú aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi pa ìsàlẹ̀ aṣọ dúdú náà dé. Ó pẹ́ kó tó gbé orí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

"Mo máa rà á," ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Bí ọlọ́pàá tó wọ aṣọ mẹkáníìkì ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí olómọ́tò lọ́wọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ́ sílẹ̀ láti orí pákó, Àǹtí Télọ̀ ò jẹ́ kí aṣọ àga tí òun fúnra rẹ̀ rán fún àbúrò rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò tó wa mọ́tò yìí jáde lọ fi han oníbàárà kan tí kò sì padà wálé mọ́, ó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i pé, "Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ dà?"