Orúkọ Tí Abo Ẹṣin Fi Ń Na Ọmọ Rẹ̀

Àlọ́ mi sáré kútúpà-kútúpà, ó dúró lọ́dọ̀ Abo Ẹṣin àti Àkànjí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ìyá bá pe Àkànjí, tí ọmọ bá dé, ṣe ni yóò ta á nípàá.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, “Ìyá Àkànjí, ẹ máa pè é láti kẹ́ ẹ nígbà mìíràn.”

“Pàṣán ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ṣé mo kú ni?”

Lọ́jọ́ kan, Ìkookò yọ sí Àkànjí nínú pápá. Ìyá rẹ̀ figbe ta:

Àkànjí, sá wá o,
*Kútúpà, kútúpà.*
Ìyá ló ń pè ọ́ o,
*Kútúpà, kútúpà.*

Àkànjí gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó rántí ìpàá. Ẹ̀yìn ló sá sí, ó bọ́ sẹ́nu Ìkookò.

Títí dòní, Abo Ẹṣin ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ orin náà. Kò sẹ́ni tó ń gbè é.