Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Èéfín

Láti ìgbà tí ìjọba kò ti náwó sórí ètò àtidín èéfín ọkọ̀ kù mọ́, ilẹ̀ ni èéfín ń sùn sí, ó sì ti mu èèyàn dé orúnkún. Orí ìdúró ni gbogbo ayé ti ń kí ara wọn. Àmọ́ nígbà tí Akínbọ̀dé wá tọrọ Fọláwẹ̀ láti fi ṣaya, tó sì kí bàbá ọmọbìnrin náà lórí ìdúró, bàbá ranjú mọ́ ọn láti orí àga.

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?"

Fọláwẹ̀ wo èéfín tó wà nílẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó tẹrí ba nìkan."

"Mi ò lè fọmọ fún òpó iná."

Akínbọ̀dé rẹ́rìn-ín sí Fọláwẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èéfín bò ó mọ́lẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Inú bàbá dùn. Ó na ọwọ́ sínú èéfín títí tó fi kan orí, ó sì súre gígùn.

Ẹni tó ń súre fún kò ṣe àmín.