Ojú Abàmì Tí Ọkọ Mi Ń Yà

Gbogbo Lokoja ń jiyàn lórí Fesibúùkù: ta ni abàmì inú ìtàn aláwòrán tí Obed, ọkọ mi, ń yà?

Bó ṣe ń yà á, èmi ni mò ń ka èsì wọn sí i létí.

Ará Felele kan ní, "Iwin Òkè Patti ni."

Ẹlòmíì ní, "Ọmọ tó bá rí ojú yẹn ò ní mu ọmú mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá Tèmítáyọ̀, níbo lẹ ti rí irú ojú yìí?"

Ó gbẹ́ pẹ́ńsù ẹ̀.

Oṣù kẹfà rèé tó ti kó gbogbo dígí kúrò nílé wa.

"Ìyá Tèmítáyọ̀, tú ìborí ẹ. Yí ẹ̀gbẹ́ ojú tí kẹrosíìnì jó sí mi, má sì mira. Wọ́n ń retí ẹ."