Kóòtù Tí Igi Wọ̀

Télọ̀ kan ń de bọ́tìnnì kóòtù mọ́ igi ẹnu ọ̀nà lára nígbà tí ọkọ rẹ̀ yọ sí i.

"Ìyá Ìbejì! Kóòtù ìpàdé mi lo wọ̀ fún igi?"

"Ẹ̀yin lẹ bó èèpo rẹ̀ kó lè máa dán bí ògiri. Awọ ara rẹ̀ nìyẹn! Oòrùn ń jó o, kòkòrò ń wọ inú rẹ̀. Ṣé kó kú síhòòhò ni?"

"Ìgbà wo ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í tijú?"

Ọkọ fi ìbínú já kóòtù náà gbà, ó gbé e wọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì wé igi.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ padà dé, ó ń rìn bí ẹni tó gbé òpó mì. Kóòtù ti di èèpo igi mọ́ ọn lára. Níbi ìpàdé, ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ ti fara tì í sùn.

"Jọ̀ọ́, bá mi bó o."

Ìyàwó mú ọ̀bẹ, ó sún mọ́ ọn, ó sì dáwọ́ dúró. Ẹyẹ kan ti bà lé ọkọ léjìká, ó há koríko sẹ́nu.

"Ẹ má mira," ni ìyàwó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó fẹ́ kọ́lé."