Ooru Tó Ń Jò

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Bàbá Rólà á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń mú bébà gbẹ, á yí fáàfù kékeré kan lára páìpù ṣí díẹ̀, ooru á sì máa jò sínú gọ́tà. Mímú bébà gbẹ ló ń jẹ gáàsì jù nílé iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀gá sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n dín in kù. Bí ọwọ́ mítà gáàsì ńlá ara ògiri bá ti sún sókè, obìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì wá wádìí. Ohun tí bàbá ń fẹ́ nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, ẹ̀rọ tuntun sì ti lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Bí ẹnjiníà ò bá wá, àwọn rólà irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ nìkan ló kù tí bàbá lè bá jiyàn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ooru tún ń jò o."

"Ó tún ti dé! Níbo ló ń gbà, ọmọ mi?"

"Ẹ jẹ́ ká wá a."

Wọ́n á máa fọwọ́ kan páìpù, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Obìnrin náà máa ń gbé fúláàsì tíì wá, pẹ̀lú ife méjì. Fóònù rẹ̀ kì í dún; kò sẹ́ni tó ń pè é. Bí wọ́n bá dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, níbi tí ilẹ̀ ti rin gbindin, ẹnjiníà á ní, "Kò lè jẹ́ ibẹ̀ yẹn," wọ́n á sì kọjá. Bàbá á rẹ́rìn-ín sínú: ìwé pọ̀ lórí ọmọ yìí, ojú rẹ̀ ò kàn ríran ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá gbọ́ tí ọ̀gá ń jágbe mọ́ ẹnjiníà lórí àtẹ̀gùn: "Bí ooru yẹn bá tún jò lọ́la, kó ẹrù rẹ!"

Ojú ti bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó ti fáàfù náà, ó fún un títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ó dùn ún dé egungun. Ta ni yóò tún bá a sọ̀rọ̀?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo rólà. Ló bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ẹnjiníà wí, fúláàsì lábíyá, ife méjì lọ́wọ́, ó sì rọra fẹ̀yìn dí mítà tí ọwọ́ rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, "ooru ṣì ń jò o."